Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Ẹ̀rọ̀

Omi ni Yorùbá fi ń pàdé àlejò. Kí a tó bi í pé irú ọ̀rọ̀ wo ni ó gbé e wá, kí a tó béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé tí ó fi sílẹ̀, a ti bu omi tútù fún un. Ẹni tí ó bá wọlé tí a kò fi omi lọ̀ ti mọ̀ pé ará ilé náà kò fẹ́ kí òun pẹ́. Ìwà yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í kà á sí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn jókòó kọ ìwé lé lórí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ níhìn-ín, nítorí pé ohun kan ti dé sí àárín wa tí ó ń ba ìwà náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, a kò sì fura. Ohun náà ni ẹ̀rọ amómitutù, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí dìsípẹ́ńsà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò bá omi tútù jà. Omi ò lọ́tàá ni àwọn àgbà wí, òwe náà ni Fẹlá sì fi kọrin ní 1975. Bí a ṣe ya àwòrán ẹ̀rọ náà kí a tó rọ ọ́ ni mo bá ní ẹjọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ kò rò wá mọ́ ọn: kò ro ojú ọjọ́ wa, kò ro iná mànàmáná wa, kò ro ọ̀nà tí a ń gbà fún ara wa lómi. Àwa tí a ń rà á kò sì bi í léèrè. Èdè Yorùbá ya ọ̀rọ̀ méjì kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Ẹ̀rọ ni ohun tí a rọ tí ó ń bá ni ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ̀ ni ìrọ̀rùn, ìtura àti ìtutù tí a ń wúre fún. Àmì ohùn kan péré ni ó là wọ́n láàárín. Ohun tí ó kún ọ́fíìsì, báńkì àti ilé ìwòsàn wa ní Festac àti káàkiri Amùwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí jẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀rọ̀.

Kí a tó dá ẹ̀rọ náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ìdílé tí ó ti wá. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ife kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé sí ìdí omi ní ilé ìwé, ní ibùdókọ̀ ojú irin àti ní ilé iṣẹ́. Gbogbo ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ ni ó ń fi ẹnu kàn án. Àrùn ń ti ẹnu ẹnìkan dé ẹnu ẹlòmíràn. Ní 1909, ìpínlẹ̀ Kansas fi òfin de ife àjùmọ̀lò yìí. Halsey Taylor, ará Ohio, tí ibà taifọ́ọ̀dù inú omi ẹlẹ́gbin pa bàbá rẹ̀, àti Luther Haws, ará California, wà lára àwọn tí ó wá ọgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ tí ènìyàn lè mu omi níbẹ̀ láìfi ẹnu kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ìtutù wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kíyè sí ohun kan: ìbéèrè tí ó dojú kọ wọ́n nílé wọn ni wọ́n dáhùn. Àrùn ń pa wọ́n, wọ́n wá ọgbọ́n sí i. Àìsí iná kì í ṣe ìṣòro wọn, nítorí náà wọn kò rò ó. N kò bá wọn wíjọ́. Àwa tí a gba ìdáhùn wọn láìbéèrè ìbéèrè tiwa ni mo ń bá wí.

Ẹ wá wo bí ẹ̀rọ náà ṣe rí. Àpótí tóóró kan ni, tí ó ga dé àyà àgbàlagbà. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń dojú ìgò oníke ńlá kan dé, èyí tí ó ń gba nǹkan bí lítà 19. Omi inú ìgò á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ọpọ́n kékeré kan nínú àpótí, afẹ́fẹ́ inú yàrá á sì máa gòkè lọ dípò rẹ̀. Òun ni ó fi ń dún gùlú-gùlú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú omi inú ọpọ́n náà tutù. Èkíní ni ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti gáàsì, gẹ́gẹ́ bí ti fìríìjì. Èkejì, tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ni ti àwo pẹlẹbẹ kékeré kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, tí ojú kan rẹ̀ á máa tutù tí ojú kejì á máa gbóná. Jean Peltier, ará Faransé, ni ó ṣàwárí ìdí èyí ní 1834. Níwájú àpótí náà ni ẹnu ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta yọ sí, pupa fún omi gbígbóná, búlúù fún omi tútù. Lábẹ́ wọn ni àwo ẹ̀tò omi kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ yìí sí Festac.

Ayẹyẹ àṣà ni ó bí ìlú náà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn adúláwọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 pé jọ sí Nàìjíríà fún ayẹyẹ FESTAC kejì. Ìlú tí ilé inú rẹ̀ lé ní 5,000 ni ìjọba kọ́ láti fi gba àwọn àlejò náà, pẹ̀lú òpópónà gbọọrọ, iná, ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ àti omi ẹ̀rọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlú tí a kọ́ tìtorí kí a lè fún àlejò lómi, Festac ni. Níbi àpérò ńlá ayẹyẹ náà, tí kókó rẹ̀ jẹ́ ọ̀làjú adúláwọ̀ àti ètò ẹ̀kọ́, ọ̀làjú adúláwọ̀ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òun ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé jíròrò lé lórí. A jíròrò, a kí ara wa kú iṣẹ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn ayẹyẹ náà ni àwa ará ibẹ̀ ń bá yí. Ọ̀pọ̀ ilé ni ẹnu ẹ̀rọ inú wọn ti gbẹ láti ọdún pípẹ́. Ẹni tí ó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí kò ní ń dúró de àwọn mẹ́ruwà tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti kẹ́ẹ̀gì omi láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀sà àti ipa odò yí Amùwò-Ọ̀dọ̀fin ká, ṣùgbọ́n omi mímu, ọjà ni a ti ń rà á: nínú ọ̀rá, nínú ìgò kékeré, tàbí nínú ìgò ńlá tí a ń dojú rẹ̀ dé orí dìsípẹ́ńsà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ omi ọdún 1977 àti ẹ̀rọ omi ti ìsinsin yìí ni pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìlú, èkejì jẹ́ ti ẹni tí ó bá lè rà á.

Ọ̀rọ̀ pé ta ni a ń rò nígbà tí a bá ń ṣètò omi kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, owó omi tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gbà sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà dìde sí. Èrò ọ̀pọ̀ ará ìlú nígbà náà ni pé òyìnbó ni ìjọba ń rò nígbà tí ó ń pète omi ẹ̀rọ, pé owó ará ìlú ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe é. Àwọn bàbá wa béèrè ìbéèrè náà láìbẹ̀rù. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi ẹ̀rọ amómitutù: ta ni ẹni tí ó ya àwòrán rẹ ń rò?

Kì í ṣe àwọn tí ó tò sórí ìlà. Ọpọ́n inú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí tí omi ti ń tutù kò gbà ju nǹkan bí lítà mẹ́ta lọ. Ife méjìlá ni ìyẹn, bí a bá ka ife sí ìdá mẹ́rin lítà kan. Ṣùgbọ́n ife méjìlá tútù náà kò lè pé, nítorí pé bí a ti ń fa omi tútù ni omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ti inú ìgò wọlé. Nítorí náà, ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà àkọ́kọ́ á mu omi tútù, àwọn tí ó kù á mu omi tí oòrùn ti yá. Ọ́fíìsì tí ènìyàn mẹ́rin wà ni ẹ̀rọ náà wà fún. Gbọ̀ngàn tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń dúró láàárín oòrùn ọ̀sán Èkó kò sí nínú àwòrán rẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Ògiri ọpọ́n náà fẹ́lẹ́, kò lè pa ìtutù mọ́ pẹ́. Bí iná bá lọ ní agogo mẹ́wàá, kí ọ̀sán tó pọ́n, ohun tí ó kù ni àpótí kan tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà lórí rẹ̀. Ti àwo Peltier tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, bí yàrá bá sì ti ń gbóná sí i ni agbára náà ń dín kù. Ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ènìyàn jù gan-an ni ẹ̀rọ náà ń kọṣẹ́ sílẹ̀. Ó dà bí olóko tí ń sùn ní àkókò ìkórè.

Kì í ṣe ẹni tí ń gbé omi. Ìgò oníke náà, bí ó bá kún, wúwo tó kìlógíráàmù 19 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò gbé e ní láti gbé e ga dé àyà, kí ó sì yí i dojú dé kíákíá kí omi má bàa dà sílẹ̀. Ta ni ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ọ̀gá kọ́ o. Ìyá tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ni, tàbí ọmọkùnrin tí ń jíṣẹ́. Wọ́n ti ṣe irú kan tí a ń ti ìgò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ̀yìn má bàa máa dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ afami tí ń lo iná ni ó ń fa omi rẹ̀ sókè. Bí iná bá lọ, kì í ṣe ìtutù nìkan ni ó lọ, omi fúnra rẹ̀ lọ. Omi wà nínú ìgò, ojú ń rí i, ẹnu kò tó o.

Kì í ṣe ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Ọwọ́ kò lè wọ inú ọpọ́n náà. Afẹ́fẹ́ yàrá, pẹ̀lú eruku rẹ̀, ń wọ inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá dún gùlú-gùlú. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ déédéé, ara ọpọ́n á máa yọ̀, kòkòrò àìfojúrí á sì pàgọ́ síbẹ̀. A óò ra omi tí NAFDAC fi òǹtẹ̀ lù, a óò sì dà á sínú ọpọ́n tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn rí láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ìyàwó ilé Yorùbá kan kò ní gbà kí a fi omi sínú ohun èlò tí òun kò lè fi kàn-ìn-kàn-ìn kàn nínú.

Kì í sì í ṣe ọmọdé. Bí a bá gbé ẹ̀rọ yìí sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà máa fi agbára kàkà tó, ọ̀kan nínú rẹ̀ omi tí ó lè bó o lára ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n fi ya ikú àti ìyè sọ́tọ̀. Kódà àwọ̀ náà kì í ṣe tiwa. Lójú Yorùbá, pupa bá ooru mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n funfun ni àwọ̀ ìtutù: aṣọ funfun, ẹfun, omi ìgbín. Ẹni tí ó bá ya ẹ̀rọ omi tútù tí ó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, funfun ni ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí. Kékeré ni èyí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti inú irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán.

Ohun tí ó wá dùn mí jù ni ibi tí a ń gbé e sí. Nítorí pé omi inú rẹ̀ wọ́n, tí ìtutù rẹ̀ kò sì kárí, ó di ohun tí a ń fi pamọ́. Mo ti dé ilé ìwòsàn kan ní agbègbè wa tí àwọn aláìsàn tò sórí bẹ́ǹṣì, tí ẹ̀rọ náà sì wà lẹ́yìn tábìlì akọ̀wé, tí a lẹ bébà mọ́ ọn lára pé àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni ó wà fún. Ìyá arúgbó kan béèrè omi láti fi lo oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Wọ́n fi ọwọ́ júwe ẹni tí ń ta omi ọ̀rá níta fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rọ ni ó sọ wọ́n di ahun. Ohun èlò tí kò tó ènìyàn mẹ́wàá lò ń kọ́ ènìyàn ní ìmọtara-ẹni-nìkan, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a bi àmù léèrè bí òun ṣe ń ṣe é. Àmù ni ìkòkò ńlá tí a ń pa omi mímu mọ́ sí, ní kọ̀rọ̀ ilé tí oòrùn kò dé, lórí iyanrìn tútù, pẹ̀lú ọmọrí lórí rẹ̀ àti ahá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀, ewé eépín ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ọmọdé tó o, àgbà tó o. Àlejò kò ní béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Amọ̀ tí a sun náà ní ihò wínníwínní tí ojú kò rí. Omi ń gba ibẹ̀ yọ sí ara ìkòkò, ó ń gbẹ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru omi inú ìkòkò lọ. Ooru tí lítà omi kan ń gbé lọ bí ó bá gbẹ tán pọ̀ tó ohun tí ó lè mú nǹkan bí lítà 28 omi rọlẹ̀ láti ìwọ̀n 30 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí gbogbo rẹ̀ bá ti ara omi náà wá. Láìsí iná, láìsí gáàsì.

N kì í ṣe ẹni tí ń fi ojú àánú wo ohun àtijọ́ kí n má baà rí àbùkù rẹ̀. Àmù ní àbùkù. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi. Ohun tí ó ti rin tẹ́lẹ̀ kò lè fa omi púpọ̀ mọ́, nítorí náà àmù tí ń ṣe dáadáa nígbà ọyẹ́ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ nígbà òjò. Ìwọ̀n díẹ̀ ni ó lè fi dín ooru kù ní Festac. Ahá kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń lò kò sàn ju ife Kansas lọ. Àmù kò sì mọ omi tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára: omi odò tí kòkòrò sòbìà wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bù sínú àmù tí wọ́n sì mu. Òtítọ́ ni pé sísẹ́ omi, omi kànga tó mọ́ àti ìlànílọ́yẹ̀ ni ó gbà wá lọ́wọ́ sòbìà, títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. N kò ní kí á padà sí àmù. Ohun tí mo ń wí ni pé èrò tí ó wà nínú àmù dára ju èrò tí ó wà nínú dìsípẹ́ńsà lọ, pé ẹni tí ó gbọ́n ì bá ti mú èrò náà kí ó sì fi ọgbọ́n òde òní tún un ṣe.

Àwọn mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Jigawa, ní 1995, olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mohammed Bah Abba ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó ko iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi pa ewébẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ní Gujarat, ní Íńdíà, amọ̀kòkò kan, Mansukhbhai Prajapati, fi amọ̀ ṣe fìríìjì tí kò lo iná, ó pè é ní Mitticool, ó sì ń tà á. Ní àwọn ìgboro Sudan, ìkòkò omi ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni tí ń kọjá lọ, nítorí Ọlọ́run. Àwa náà ní amọ̀kòkò ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin. Àbátàn, ará Òkè-Ọdàn, tí kò jìnnà sí wa púpọ̀ bí a bá gba ọ̀nà Àgbádárìgì, mọ ìkòkò omi Erinlẹ̀ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí Robert Farris Thompson ti Amẹ́ríkà fi kọ̀wé nípa rẹ̀. Àwòrán Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí ìkòkò omi sọ di olókìkí ní àgbáyé, wà lẹ́yìn owó 20 náírà. A gbé amọ̀kòkò sórí owó, a wá fi owó náà ra oníke.

Nígbà FESTAC, ìbòjú Ìdíà ti Ìbíní ni àmì ayẹyẹ náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum kò gbà kí a yá a lò. A bínú, ìbínú wa sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó kò yọ̀ǹda ni a ń sunkún lé lórí láti ọjọ́ náà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa tí ẹnikẹ́ni kò jí, èrò inú àmù, àwa fúnra wa ni a gbé e sọnù sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní, ìlú tí ẹnu ẹ̀rọ inú ilé rẹ̀ gbẹ, kí ni ó kàn án pẹ̀lú àwòrán dìsípẹ́ńsà? Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ yọ ná. Èsì mi ni pé ẹ̀rọ yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi yọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá bá ti ní omi tútù tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, gbígbẹ tí ẹnu ẹ̀rọ ìlú gbẹ kò ní dà á láàmú. Ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ kì í ránti odò. Àwọn mìíràn á ní, ọjà ni ó yàn án, bí kò bá dára, àwọn ènìyàn ì bá má rà á. Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ òótọ́ bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń rà á ni ń mu ún. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì aláìsàn. Ẹni tí ó ra ti ilé ìwé kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọjà kò gbọ́ ohùn ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹni tí ń ya àwòrán ẹ̀rọ ni láti gbọ́ ọ.

Àwọn kẹta á ní kò ṣeé ṣe. Èyí ni mo kọ̀ pátápátá. Fìríìjì tí wọ́n fi ń pa oògùn àjẹsára mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, yìnyín ni wọ́n tẹ́ yí inú ògiri rẹ̀ ká. Nígbà tí iná bá wà, yìnyín náà á dì. Nígbà tí iná bá lọ, yìnyín á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, oògùn á sì wà ní tútù fún ogún wákàtí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ya àwòrán ìyẹn mọ̀ pé iná àwọn ibi tí ó ń lọ kì í dúró, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Kí ló dé tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi? Kìlógíráàmù yìnyín kan tí ó bá yọ́ lè mú lítà omi mẹ́rin rọlẹ̀ láti ìwọ̀n 30 sí 10. Kìlógíráàmù mẹ́wàá, lítà ogójì nìyẹn, ife tútù 160, láìtan iná rárá. Kì í ṣe àlá. Ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama ni.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro láti sọ. Ẹ ya àwòrán ẹ̀rọ tí yóò di yìnyín nígbà tí iná bá wà, tí yóò sì fún wa ní ìtutù nígbà tí kò bá sí. Ẹ jẹ́ kí ògiri rẹ̀ nípọn. Ẹ jẹ́ kí ọpọ́n rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu àmù kí ọwọ́ lè fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa bu omi sí i láti ìbàdí, kí ìyá tí ń gbálẹ̀ má ṣe fi ẹ̀yìn rẹ̀ san owó ìtutù ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí ó gba omi tí a sẹ́ tí a sì tọ́jú láti orísun èyíkéyìí, kì í ṣe ìgò ilé iṣẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí omi máa fi agbára ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ kan sí gíga àgbà, kí ẹ fi èkejì sí gíga ọmọdé àti ti ẹni tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ mú omi gbígbóná kúrò níbi tí ọmọdé wà. Ẹ gbé e sí iwájú ilé níbi tí àlejò ń gbà wọlé, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí i lára ní èdè wa: Ẹ mu omi.

Mo ń sọ èyí fún àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì Èkó, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá àti ní LASU ní Òjó tí ó múlé gbe Amùwò-Ọ̀dọ̀fin. Mo ń sọ ọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ wa náà, tí ó lè ní kí a gbé irú rẹ̀ kan sí gbogbo ilé ìwé àti gbogbo ilé ìwòsàn tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí omi tútù ọ̀fẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀rá omi tí ń dí gọ́tà wa nígbà òjò á dín kù. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ pẹ̀lú: bí ẹ bá tún ń lọ ra dìsípẹ́ńsà, ẹ bi ẹni tí ń tà á pé lítà mélòó ni inú rẹ̀ ń mú tutù, wákàtí mélòó ni ìtutù náà fi lè dúró bí iná bá lọ, àti ibi tí ọwọ́ ń gbà wọ inú rẹ̀. Bí kò bá lè fèsì, ẹ má ṣe fi owó yín dá a lóhùn.

Ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìran wa ti tẹ ilẹ̀ tútù tí àwọn tí ó ti kọjá da omi sí. Ìlú tí a kọ́ nítorí àlejò ni a ń gbé, lórí ilẹ̀ tí omi yí ká, àlejò sì wọlé, ó ń béèrè omi, a ní kí ó lọ rà á níta. Ìwà náà kì í ṣe tiwa. Ẹ̀rọ tí ó kọ́ wa ní i ni kí a tún rọ.